Pósí Tí A Kò Pe Orúkọ Sí

Ohun tí Grania Devane kọ́kọ́ bá Colman Tuohy sọ ni pé, "Ọ̀gá, ọkọ̀ ojú omi yín yìí á jò o."

Colman wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú àgọ́ tí wọ́n pa sí àgbàlá ọjà àtijọ́, ó ń hun nǹkan gbọọrọ kan. Ọ̀pá wílò ló fi ń hun ún, igi etí odò tó máa ń rọ̀ lọ́wọ́ bíi pankẹ́rẹ́. Kò gbójú sókè.

"Bó bá jò, kò burú," ó ní. "Ẹni tó máa sùn sínú ẹ̀ ò ní í mọ̀. Pósí ni, arábìnrin."

Grania bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín nínú àgọ́ náà, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà yẹn ni Colman gbójú sókè. Ó wo obìnrin tí òjò ti rin gbingbin, tí omi ń kán létí fìlà ẹ̀, ọ̀pá ọwọ́ Colman sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ má ní kí n ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Ojú ló kan ojú, ọ̀rọ̀ bùṣe.

"Ẹ má bínú," Grania ní. "Ìsàlẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mo rí."

"Ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà ò tíì ju ìdajì lọ. Ẹ jókòó. Àbí kì í ṣe iṣẹ́ lẹ wá kọ́ ni?"

Ọjọ́ tí Ọdún Iṣẹ́ Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́dún ni ìlú wa Kilvarra máa ń láriwo. Àwọn kan á máa rànwú, àwọn kan á máa gbẹ́ ṣíbí onígi, àlejò á kún ilé ọtí dé ẹnu ọ̀nà, òjò á sì pa gbogbo wọn pọ̀. Grania wá láti ìlú ńlá Limerick, níbi tó ti ń ta oògùn. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti já a sílẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìgbà náà ló sì ti ń gbé ayé bí ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ó kàn fẹ́ fọwọ́ ṣe nǹkan tí kò ní í sá lọ ni.

Ilé Peg Hession ló dé sí. Peg ni alága ọdún náà, ẹnu ẹ̀ kì í sì í dákẹ́ àfi tó bá ń mu tíì.

"O ti rí Colman?" Peg bi í, bó ṣe ń fi bọ́tà ra búrẹ́dì. "Ọmọ dáadáa ni. Ogójì ọdún ti ń kan ilẹ̀kùn, kò tíì láya. Ìyá ẹ̀ ni o. Nábla! Tó bá wo wàrà, á bà jẹ́."

"Kí ló fi yín ṣe?"

"Kò kí mi mọ́ látìgbà tí mo ti ní kí ọmọ ẹ̀ wá hun pósí níṣojú àwọn èèyàn. Àwọn àlejò fẹ́ràn irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé Tuohy, wọn kì í fi ọ̀pá kan lélẹ̀ láì kọ́kọ́ pe orúkọ òkú tó ni ín sórí ẹ̀. Wọ́n ní pósí tí kò lórúkọ á fúnra ẹ̀ wá ẹni tó máa sùn sínú ẹ̀." Peg rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ó yára fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. "Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìyẹn. Jẹ búrẹ́dì ẹ."

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Grania àti Colman ti ń bá ara wọn ṣàwàdà bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà.

"Agbọ̀n rèé?" Colman gbé iṣẹ́ ọwọ́ Grania sókè. "Mo rò pé màlúù ló jókòó lé e."

"Kí màlúù ẹ lọ wá ibòmíì jókòó sí. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀," Colman ní, ṣùgbọ́n agbọ̀n kọ́ ló ń wò.

Ara Grania gbóná. Inú ẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí ó ti gbọ́kàn lé ọkùnrin rí tó já a kulẹ̀. Ó yí ọ̀rọ̀ pa dà kíá.

"Níbo ni téèpù tó o fi ń wọn nǹkan wà? Mi ò rí i lọ́wọ́ ẹ rárá."

"A kì í lò ó nílé wa. Bàbá mi àti bàbá ẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń wọn èèyàn. Tá a bá ti wo òkú náà dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. A kì í ṣì í."

"Eléyìí tí kò wá ní òkú ńkọ́?"

Colman sọ èjìká. "Mo kàn ń hun ún ni. Màmá mi bínú, ó ní kí n má dán an wò. Mo ní eré lásán ni. Ọwọ́ á mọ ibi tó máa dúró sí."

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bá ewé lára ẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń hun pósí kì í ṣe ọ̀pá tútù. Colman ti gé e láti ìgbà òtútù èṣín, ó ti gbẹ táútáú, kó tó wá rẹ ẹ́ sómi kó lè rọ̀. Ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ti kú. Síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ pósí náà, tó ti ga tó orúnkún báyìí, rúwé yíká, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tútù yọ̀yọ̀. Agbọ̀n Grania, tí wọ́n fi ọ̀pá inú ìdì kan náà hun, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò rú nǹkan kan.

Àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Àwọn ará ìlú wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí pa dà, wọ́n sì jáde sínú òjò. Ẹni kan ti lọ pe Nábla.

Obìnrin gíga ni, ó gbẹ, ó sì tọ́ gangan láìka ọjọ́ orí ẹ̀ sí. Bó ṣe wọlé, àwọn ará ìlú tẹ̀ lé e wọlé.

"Màmá," Colman ní, "ẹ ò sọ pé ẹ ń bọ̀."

"Ṣé mo ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n tó lè wo ìwà òmùgọ̀ ọmọ mi ni?" Ó fọwọ́ kan ewé kan, ó sì nu ọwọ́ náà sára aṣọ. Lẹ́yìn náà ó wo Grania láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta nìyí?"

"Grania ni, Màmá. Láti Limerick. Ó ń kọ́..."

"Mi ò bi ẹ́ ní ohun tó ń kọ́. Ìwọ ọmọbìnrin, bọ́ bàtà ẹ kó o dúró gangan."

Grania ṣe bó ṣe wí. Ó bọ́ bàtà. Nábla mú ọ̀pá gígùn kan, ó fi ìdí ẹ̀ kanlẹ̀ ní gìgísẹ̀ Grania, ó sì gé e níbi tó ti bá àtàrí ẹ̀ dọ́gba. Ó wá tẹ́ ọ̀pá náà sínú pósí.

Ó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́, bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ àkọ̀.

"Colman," ìyá ẹ̀ ní, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, "ta lò ń wò nígbà tó ò ń hun ún?"

Ojú Colman ti funfun bí ìyẹ̀fun. "Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò tíì ju ìdajì lọ nígbà tí Grania wọlé síbí. Látìgbà náà, òun nìkan ni mò ń wò, Màmá. Mi ò wo ẹlòmíì."

Bí Colman ṣe jẹ́wọ́ ìfẹ́ nìyẹn, lórí pósí, níwájú ìyá ẹ̀ àti gbogbo ìlú. Ẹ sọ fún mi bóyá ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Inú Grania dùn débi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ìgbà kan náà yẹn ni òtútù gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ wọlé, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń wọ odò lọ.

"Ìsọkúsọ ni gbogbo ẹ̀," Peg ní, ṣùgbọ́n ó tún ṣe àmì àgbélébùú. "Grania, màá gbé ẹ lọ síbi ọkọ̀ Limerick báyìí báyìí."

"Limerick ò jìnnà sí pósí yìí," Nábla dá a lóhùn. "Ibi tó bá lọ, á bá a níbẹ̀. Ó ti rí ẹni tó ń wá."

Colman ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó wọ́ pósí náà jáde sẹ́yìn àgọ́, ó da kẹ́rọ́sìn sí i lára, ó ṣáná sí i. Iná náà jó kẹ́rọ́sìn tán, ó kú. Ewé kan ò rọ lára ẹ̀. Ó fi ìbínú mú àáké, ó gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan, Grania tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sì ké yéè, ó di ìhà ara ẹ̀ mú, ó ṣubú lulẹ̀.

Colman ju àáké nù bí ẹni tó ṣèèṣì mú ejò. Ó sáré gbé e. Kò sí ọgbẹ́ lára ẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e délé Peg, ètè ẹ̀ ti ń dúdú.

Dókítà wá, ó ní òun ò rí àìsàn kankan, kó ṣáà máa mu nǹkan gbígbóná. Peg da kúbùsù bò ó lórí kúbùsù, síbẹ̀ eyín Grania ń gbá ara wọn. Bó bá ti dijú báyìí, lójú ọ̀sán gangan, á máa gbọ́ tí ọ̀pá wílò ń dún kíṣìkíṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀ méjèèjì, bí ẹni pé ẹnì kan ń hun ún lọ.

Colman ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ìfẹ́ mi, dárí jì mí," ó ní.

"Torí kí ni? Torí pé o wò mí?"

"Torí pé èmi ni mo fa ikú wá bá ẹ."

Grania di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ọkùnrin tó já mi sílẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún la fi jọ wà. Títí dòní kò mọ̀ bóyá mo ga àbí mo kúrú. Ìwọ wò mí fún ọjọ́ kan, ọwọ́ ẹ ti mọ̀ mí. Ẹ̀rù ń bà mí, Colman. Mi ò fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá ọ̀sẹ̀ yìí pa dà, mi ò ní í ní kó o má wò mí."

Colman gbé ojú sórí kúbùsù, ó sunkún bí ọmọdé.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Nábla kan ilẹ̀kùn. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ló wọ̀, ó sì dé fìlà.

"Bọ́ síta," ó sọ fún ọmọ ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. "Ìwọ. Ṣé o nífẹ̀ẹ́ ọmọ mi, àbí àánú ẹ̀ ló ń ṣe ẹ́?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, mà."

"Láàárín ọ̀sẹ̀ tí kò tíì pé? Ẹ̀yin ará ìlú ńlá! Ẹ̀fọ́ gan-an ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tó já."

Òtútù kì í jẹ́ kí èèyàn tijú. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ó pẹ́ tó báwo kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé bàbá Colman lẹ máa fẹ́?"

Nábla wò ó bíi pé ó fẹ́ gbá a létí. Ẹ̀rín wá gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kọjá.

"Níbi òkú ẹnì kan la ti pàdé," ó ní. "A ò tíì mu tíì tán tí mo ti mọ̀." Ó di ọwọ́ Grania mú, ó sì pa ojú dé. "Yìnyín ni ọwọ́ yìí. Ó dáa, fetí sílẹ̀. Colman kì í sọ̀rọ̀ nígbà òtútù. Á jókòó ti iná láti àárọ̀ dalẹ́, wàá rò pé o ṣẹ̀ ẹ́. O ò ṣẹ̀ ẹ́. Fi í sílẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ràn àlùbọ́sà, àmọ́ tó o bá gé e wẹ́wẹ́ kò ní í mọ̀. Má sì jẹ́ kó jáde láì wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, àyà ẹ̀ ò le."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sọ gbogbo èyí fún mi, mà?"

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Wọ bàtà ẹ. A ń lọ sí àgọ́."

Nábla di apá kan mú, Colman di èkejì mú, wọ́n sì mú Grania gba inú òjò lọ. Èèyàn kún àgọ́ fọ́fọ́. Wọ́n ti gbé pósí náà pa dà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ewé ẹ̀ ti gùn, ó ti ń bo ẹnu ẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ súnmọ́ ọn.

Nábla bọ́ fìlà, ó gbé e fún Peg. "Dì í mú. Má jókòó lé e o." Ó bọ́ bàtà, ó ká aṣọ ẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì ti ẹsẹ̀ bọ inú pósí.

"Màmá!" Colman pariwo. "Màmá, ẹ jáde níbẹ̀!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, mò ń ṣiṣẹ́."

Ó sùn sílẹ̀ gbalaja. Ó ga ju Grania lọ, ó sì ní láti ká orúnkún kí orí ẹ̀ tó lè wọlé. Ó wá sọ̀rọ̀ ketekete, bí ẹni tó ń dáhùn ní kíláàsì.

"Nábla Tuohy, ọmọ Lahiff, aya Eoghan. Èmi ni mo ni pósí yìí. Kò sí ẹlòmíì tó ni ín."

Gbogbo ewé náà dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń jábọ́ sí i láyà, sójú, sínú irun funfun ẹ̀. Ooru sì rọ́ wọ ara Grania, ọwọ́ ẹ̀, ìhà ẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, títí tó fi ní láti ju kúbùsù tó fi bora sílẹ̀. Ìtìjú bá a nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ ṣe é ni ebi. Lẹ́yìn náà ló yé e, ó sì bú sẹ́kún.

"Ó kúrú fún mi," Nábla ní látinú pósí. "Àmọ́ kì í ṣe pé mo fẹ́ máa rìn kiri nínú ẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ẹ̀rín náà sì di ẹkún ní gbogbo àgọ́.

"Colman, gbé mi dìde kó o lọ hun ìdérí ẹ̀. Ọ̀la lọdún parí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ará Kilvarra ò mọ iṣẹ́ parí."

Colman kúnlẹ̀. "Mi ò lè ṣe é. Ẹ ní kí n ṣe ohunkóhun, Màmá, ẹ má ní kí n hun pósí yín."

"Èmi àti bàbá ẹ la kọ́ ẹ níṣẹ́. Ta lo fẹ́ kó bá mi hun ún? Peg?"

Grania ló kúnlẹ̀ tì í, tó nu ojú, tó mú ọ̀pá kan nínú omi, tó sì nà án sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà á.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ hun ìdérí náà. Nábla jókòó tì wọ́n lórí àga, kò yéé bá wọn wí.

"Fà á le, Colman! Ṣé ẹyin lo fẹ́ kó síbẹ̀ ni? Grania, èyí lò ń pè ní híhun? Tú u. Tú u, ọmọ mi, tún un ṣe."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é lọ́mọ nìyẹn. Grania tú u, ó tún un ṣe. Ó ń gbàdúrà nínú ọkàn ẹ̀ pé kí ìdérí náà má parí láéláé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí èèyàn bá ń ṣe á parí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló parí. Nábla fi ìka gbá a, ó tẹ́tí sí i, ó ní, "Ó dáa." Wọ́n bu tíì fún un. Nígbà tí Peg fi máa gun orí pèpéle láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, orí Nábla ti rọ̀ sí èjìká Grania, ife tíì sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ síbẹ̀, kò dà sílẹ̀. Dókítà ní ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀ tipẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá dókítà jiyàn.

"Èmi ni mo pa á," Grania sọ fún Colman nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Tí mi ò bá wá síbí, ìyá ẹ ì bá ṣì wà láàyè. Báwo lo ṣe máa wá máa wo ojú mi?"

"Èmi ni mo hun ún láì pe orúkọ. Ẹ̀bi mi ni, màá sì gbé e dé sàréè." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n òun ló yan ohun tó yàn, olólùfẹ́. Tá a bá tún wá fi ara wa sílẹ̀, kí ló wá kú fún?"

Grania gbé orí lé e láyà.

Nílùú wa, tí èèyàn bá kú, àwọn tó ni òkú á jókòó ní ìlà iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìlú á sì máa kọjá níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àlejò kì í jókòó síbẹ̀. Ìbátan gan-an tí kò bá súnmọ́, ẹ̀yìn ló ń wà. Grania lọ fara pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Peg ló wá a kàn. "Kí lò ń ṣe níbí? Nábla ti sọ ọ́ fún mi kó tó lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ òun ni kó o jókòó sí. Dìde, jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ bá òkú jà, pàápàá òkú yẹn."

Grania rìn lọ síwájú lójú gbogbo ìlú. Colman sún fún un. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Àgbàlagbà kan tó sá jáde nínú àgọ́ lọ́jọ́ tí pósí rúwé ló kọ́kọ́ bọ Colman lọ́wọ́, ó sì yí sí Grania náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Ẹ kú àfẹ́kù ìyá yín o," ó ní.

Grania la ẹnu kó ṣàlàyé fún un pé àlejò lòun, pé kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tóun ti mọ̀ ọ́n. Ó wá di ọwọ́ bàbá náà mú pinpin.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ó ní, omijé sì ń dà lójú ẹ̀. "Ìyá wa ṣe bẹbẹ."